Ọ̀nà Ọba Ni, Kì í Ṣe Ti Onímọ́tò Nìkan

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá àwọn onímọ́tò ìlú Adó wí, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere mi láti Bàsírì lọ síbi iṣẹ́. Mo so àpótí irinṣẹ́ káfíńtà mọ́ ẹ̀yìn, mo sì rọra ń gba ọwọ́ ọ̀tún mi lọ. Àfi gbàà! Díńgí takisí kan gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́ òsì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, táyà iwájú ti kó sínú gọ́tà, ayùn gba ọ̀tọ̀, òòlù gba ọ̀tọ̀. Awakọ̀ ọ̀hún kò dúró. Ńṣe ló yọ orí lójú fèrèsé, ó ní: "Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ lọ ra mọ́tò!"

Ta ló ta ọ̀nà fún wọn? Ọ̀nà ọba ni, kì í ṣe ti onímọ́tò nìkan. Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko lójú ọ̀nà Ìláwẹ̀, mẹ́gáàdì tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ọmọ iléèwé, oníbúrẹ́dì, gbogbo wa la jọ ni ín. Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kúrò ní nǹkan bí náírà 200, ó sì kọjá náírà 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Tálákà wo ló fẹ́ máa wọ ọ̀kadà lójoojúmọ́?

Àwọn onímọ́tò máa ń ní a kì í gba etí títì. Kí wọ́n wá gba etí títì ọ̀hún wò! Ọ̀dà ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ga ju ilẹ̀ lọ tó ìbú ọwọ́ kan. Táyà tó bá ti yọ́ kúrò lórí rẹ̀ kò lè padà gòkè, ńṣe ni yóò máa ha etí ọ̀dà títí yóò fi gbé èèyàn ṣubú. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á wọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti orí òkè wá kó jọ síbẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gọ́tà tí kò ní ìdérí wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sún sáàárín díẹ̀. Ìlú olókè sì nìlú wa. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gòkè kò lè ṣe kó má mì sọ́tùn-ún sósì, torí kò sáré. Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni onímọ́tò á ti wá fọn họ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn.

Wọ́n á kọjá lára rẹ, wọ́n á tún dábùú rẹ lójijì nítorí èrò kan. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn láì bojú wẹ̀yìn. Òfin ìrìnnà ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ nígboro; ẹ dúró ní Fájuyì láàárọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni rántí. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín àwa náà ń gba wáńwéè, àwọn kan sì ń gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ láìní iná. Ẹ mú wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ pa onímọ́tò rí, ẹ̀mí kò sì ní sípéà.

Àwọn tó yẹ kó bójú tó o ńkọ́? Bébà ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n béèrè. Wọ́n á wo láísẹ́ǹsì, wọ́n á ní kí awakọ̀ máa lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bó ṣe ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ọ̀nà, inú jíìpù onídíńgí dúdú ni wọ́n ń gbé kọjá. Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa gọ́tà? Mo tún un sọ, ọ̀nà ọba ni, kì í ṣe ti onímọ́tò nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe tàbí tún ṣe, kí wọ́n fi mítà kan àti ààbọ̀ kún ọ̀dà rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, kó dọ́gba pẹ̀lú títì, kí wọ́n sì fa ìlà funfun sí i. Kí wọ́n fi kọnkéré oníhò bo gọ́tà, kí ihò náà sì dábùú, torí èyí tó bá nà gbọọrọ tẹ̀lé ọ̀nà, táyà kẹ̀kẹ́ ni yóò gbé mì. Bí wọ́n bá ní owó kò tó, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe apá tó ń gòkè nìkan. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè bá mọ́tò sáré. Ẹni tó ń gòkè ni mọ́tò ń bá lẹ́yìn, òun ló nílò àyè jù. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ ọjà síbẹ̀, kí ọkọ̀ má dúró síbẹ̀ gbé èrò. Kí àwọn tó ń gbá títì máa gbá yanrìn ibẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Àbúrò mi tó wà ní Jámánì sọ fún mi pé láti ọdún 2020, òfin wọn ní kí mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára kẹ̀kẹ́ nígboro fi àyè mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀, kó di mítà méjì lẹ́yìn ìlú. Kí àwọn aṣòfin wa ṣe irú rẹ̀, kó sì wọ inú ìdánwò láísẹ́ǹsì.

Ọ̀nà tí wọ́n bá máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò ọdún yìí ni kí wọ́n ti fi ti kẹ̀kẹ́ sínú ìwé iṣẹ́ kí wọ́n tó fún kọ́ńtírákítọ̀ lówó, torí bí ọ̀dà bá ti gbẹ tán, wọn á ní ó di ọdún mìíràn.

Èmi ni,
Káfíńtà kan ní Bàsírì, Adó-Èkìtì