Àyìndé, má da sólúṣọ̀n sínú rẹ́sínì

Àyìndé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò bọ́ńpà fáíbà tó o fi ránṣẹ́, èyí tó o fi rẹ́sínì ṣe, ó sì dùn mí. Bó ṣe sán láti ihò bóòtù títí dé etí yẹn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n sólúṣọ̀n, gọ́ọ̀mù rọ́bà tó o ní o fẹ́ rà lọ́wọ́ fọ́kanáísà kó o dà mọ́ rẹ́sínì kí bọ́ńpà má bàa sán mọ́, jọ̀ọ́, má ṣe é.

Rẹ́sínì rẹ le tó. Kò yi ni. O mọ ẹran tó yi, tí eyín á máa fà á tí kò ní tètè já. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí bọ́ńpà ṣe nígbà tí òkúta bá bà á. Ohun tó le tí kò yi, bí àwo tánganran ló rí. Tó bá ti sán níbì kan péré, ìlà náà á sáré dé òdìkejì, torí kò sí ohun tó máa dá a dúró lọ́nà.

Bí a ṣe ń fi rọ́bà mú kí rẹ́sínì yi ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí gan-an. Rẹ́sínì tí wọ́n ń pè ní ẹpọ́sì la ń lò, irú èyí tó wà nínú gọ́ọ̀mù Araldite. Rọ́bà tí a ń fi sí i kì í ṣe ti táyà: ó ń ṣàn, ó ki bí oyin. Frederick McGarry àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ní òpin àwọn ọdún 1960. Gíráàmù rọ́bà 10 fún gíráàmù rẹ́sínì 100 ti tó. Nígbà tí mo dé, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dára tó, mo da 30 sí i. Ohun tí mo yọ jáde rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Tí a bá rò wọ́n pọ̀, rọ́bà á yọ́ sínú rẹ́sínì, á mọ́ gaara, o lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. A óò fi hádínà, ohun tó ń mú kí rẹ́sínì le, sí i, ó di inú ààrò, 120°C, wákàtí 16. Bí rẹ́sínì bá ṣe ń le, kò ní lè gba rọ́bà mọ́ra mọ́. Rọ́bà á ya kúrò, á ṣù ní wóró wóró tí ojú lásán ò lè rí: 1,000 irú wọn lórí ìlà kan lè má ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ohun tó mọ́ gaara lánàá á wá funfun bí omi ògì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ààrò tí mo rí i, mo pariwo.

Àyìndé, yíyà tó ya yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí ìlà ibi tó sán bá ń bọ̀, àwọn wóró tó wà níwájú rẹ̀ á là nínú, rẹ́sínì tó yí wọn ká á wá ráyè fà kó tó já. Agbára tí ìlà náà nílò kó tó lè rìn lè ju ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣẹ́ ọ̀pá ẹpọ́sì tí kò ní rọ́bà: pá! Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán bíi dígí. Èyí tó ní rọ́bà bá mi jà, ibi tó ti já sì funfun báláú.

Sólúṣọ̀n ò lè ṣe èyí. Rọ́bà tiwa dà bí okùn tín-ín-tín, wọ́n sì ti ṣe orí rẹ̀ méjèèjì kó lè so mọ́ ẹpọ́sì. Ti fọ́kanáísà ò ní ohun tó máa fi dì í mú, epo inú rẹ̀ á sì há sínú iṣẹ́ rẹ. Poliẹ́sítà, irú rẹ́sínì tó o ń lò, kì í tilẹ̀ gba rọ́bà wa pàápàá mọ́ra dáadáa. Tí owó bá wà, bèèrè fáínílì ẹ́sítà, irú rẹ́sínì mìíràn, tí wọ́n ti fi rọ́bà sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí kò bá sí, fi máàtì fáíbà méjì kún ìdí ihò bóòtù, díríìlì ni kó o fi lu ú, má fi ìṣó gbígbóná lu ú mọ́, kó o sì lo wọ́ṣà tó fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá. Mo fi ọ̀pá méjì sínú ẹrù rẹ̀ fún ọ. Èyí tí mo fi pupa sàmì sí ló ní rọ́bà. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣẹ́ wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé