Okùn méjì nínú kòtò kan, okùn kan náà ni

Sí Olóòtú,

Katakata tún ti já okùn fíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ òkúta sí náà ni, bó ṣe máa ń rí: ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, ni báńkì bá dákẹ́, tí àwọn tó ń gba owó lórí fóònù ká ọwọ́ gbera.

Èyí tó ń bí ni nínú jù ni ìdáhùn àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní okùn kejì wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ó wà lóòótọ́, inú kòtò kan náà ló wà! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni katakata kó méjèèjì.

Okùn tó ní irun fíbà 96 (fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín) nínú kì í ṣe okùn ewúrẹ́ tí a ó kàn ta ní kókó. Wọ́n ti nà án tán nígbà tí wọ́n ń rì í, orí méjèèjì kò lè kan ara wọn mọ́, àfi kí wọ́n fi òmíràn sáàárín. Ojú méjì ni wọ́n máa so nìyẹn, ìsopọ̀ 192. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń fi ọtí nù, tí wọ́n ń gé kí ẹnu rẹ̀ gún, kí wọ́n tó fi iná yọ́ ọ pọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú irun náà kò ju bíi máíkírọ́ọ̀nù 9 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Eruku díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣòfò. Ká ní wọ́n wé okùn àfikún mítà 15 sínú ihò onídèérí tó wà nítòsí ni, wọn ì bá fà á wá, ìsopọ̀ á sì di 96.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ pa pọ̀ ní ìhà Côte d'Ivoire, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n o! Agbègbè kan náà ni wọ́n gbà kọjá.

Ọ̀nà tó yí po bí òrùka la nílò. Kí apá kan gba orí afárá ọ̀sà lọ sí Kútọnu. Kí èkejì gba Sakété, Pobè dé Kétu, kó yà sí Bohicon, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Kútọnu. Bí apá kan bá já, ẹ̀rọ tó dáa á darí ìsọfúnni sí èkejì láàárín nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 50 (ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá). Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi òrùka orí ìwé tàn wá. Kí méjèèjì má gba ẹnu ọ̀nà kan wọ ilé ẹ̀rọ, kí wọ́n má pàdé nínú ihò kan, kí wọ́n má gbára lé jẹnẹrétọ̀ kan. Ọ̀tún àti òsì títì kan náà kì í ṣe ọ̀nà méjì. Ẹni tó ń tún títì ṣe á hú méjèèjì. Kí apá kọ̀ọ̀kan má sì ru ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, torí bí ọ̀kan bá já, èyí tó kù ló máa gbé gbogbo ẹrù. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣahun jù.

Ní ti ìyókù: kí wọ́n ri okùn náà jìn tó mítà kan, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá ìkìlọ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lókè rẹ̀. Kí mẹ́rì, olórí ìjọba ìlú, má sì fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti gbẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti wo àwòrán okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Okùn kejì tí wọ́n ń yangàn yẹn, kí wọ́n ya ọ̀nà tó gbà jáde fún aráàlú. Bó bá bá ti àkọ́kọ́ rìn fún mítà 100 péré, kí wọ́n má kà á mọ́ okùn kejì.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́