Kí Ọwọ́ Yín Dọ̀tí Díẹ̀: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Fẹ́ Ra Oko Kòkó

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ìgbà tí a ti dé láti oko Ìdí-Ayunrẹ́ ní Sátidé ni mo ti ń wo àwọn fọ́tò tí ẹ yà. Wọ́n dára. Ẹnì kan tilẹ̀ ya èmi náà níbi tí mo ti ń fi fìlà lé kòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ nínú fọ́tò 37 tí mo kà, n kò rí ẹyọ kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti dọ̀tí. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí.

Oko yẹn kì í ṣe oko àná. Láti 1964 ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó tó ni ín ti wà, obì, kọfí, kaṣú àti tíì sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí. Kòkó ni owó ilẹ̀ wa nígbà náà. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 dúró. Bí ẹ bá gba Dùgbẹ̀ kọjá, tí ẹ rí Ilé Kòkó, orúkọ yẹn kì í ṣe àdàpè. Síbẹ̀, ilé alámọ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ni kòkó ń gbé, títí owó orí fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní 1968 tí wọ́n ní àgbẹ̀ kọ ìyà.

Ẹ rántí baba tó ń fọ́ kòkó. Ọ̀kan nínú yín lá omi dídùn ara kòkó tútù, ó sì tu hóró rẹ̀ sílẹ̀. Baba bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó dà á padà sínú apẹ̀rẹ̀. Hóró mẹ́ta péré! Èso 20 sí 25 ló máa ń para pọ̀ di kílò kan kòkó gbígbẹ, ẹ̀yìn baba náà sì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí òkìtì kòkó ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó ní kí ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ sá sẹ́yìn. Èmi ti tèmi bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó gbóná bí omi ìwẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò, ó ń rùn bí ẹmu àná. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀ o. Omi dídùn tí ẹ lá yẹn ló ń kan, òun ló ń mú ooru wá, ooru ló sì ń pa hóró náà kó má lè hù mọ́, kí adùn ṣokoléètì tó bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n á fi máa yí i kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ẹni tó bá kánjú sá a ní ọjọ́ kejì torí owó, ẹ la kòkó rẹ̀ sí méjì: inú rẹ̀ á rí bí eérú.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń dá owó jọ láti ra oko kòkó látorí fóònù. Ẹ ní tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní 2024. Òótọ́ ni. Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ó já wálẹ̀ ní 2025? Ẹni tó ń ta oko náà, ẹ bi í pé ta ni yóò máa fín oògùn nígbà òjò, nígbà tí àrùn ń sọ èso di dúdú lára igi? Èló ni wọ́n ń san fún un? Ọdún mélòó ni igi tó máa so? Bí ó bá ń fi àwòrán dá yín lóhùn, ẹ di àpò yín mú.

Èmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1977, bàbá mi fi oko kòkó sílẹ̀ fún mi. Owó epo rọ̀bì ló wà lóde, mo níṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì gbé oko fún alágbàṣe. N kò débẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí mo máa dé, àfòmọ́ tí kò légbò ti bá igi gbogbo tan. Alágbàṣe ò jí mi ní nǹkan kan. N kò san owó rẹ̀ lásìkò, ló bá bá tirẹ̀ lọ.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká padà lọ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí kòkó bá pọ̀. Kò ní jẹ́ Sátidé, kò sì ní sí jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà. Àárọ̀ la ó dé, a ó sì dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi gbé àdá sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ejò máa ń sùn sábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ. Gọ̀ǹgọ̀ tí bàbá mi fi ń ká kòkó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó ti dógùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò pọ́n ọn.

Èmi ni,
Bàbá yín àgbà