Kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n ọdún ní Kánádà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kánádà ni mo tìtorí wọn kọ lẹ́tà yìí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé láti ìparí oṣù Kọkànlá, tí ọjà ẹ̀dínwó Black Friday bá ti dé, títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá tí í ṣe Boxing Day, owó tó ń jáde lápò wa lórí tẹlifíṣọ̀n àti ohun ìgbádùn inú ilé kì í ṣe kékeré. Èrò tèmi ni pé ohun tí ìdílé fẹ́ máa wò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí, kí wọ́n tó lọ wá ẹ̀rọ tí wọn yóò fi wò ó.

Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà níbí kì í ṣe iye tí a óò san. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ 600 dọ́là sí lára di 678 dọ́là ní Ontario, nítorí owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Alberta, níbi tó ti jẹ́ ìdá 5 péré, 630 dọ́là ni. Ẹni tó bá fi káàdì gbèsè rà á ní láti san gbogbo rẹ̀ tán kí ọjọ́ tí báǹkì dá tó pé, torí pé èlé bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ló wọ́pọ̀ lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dínwó fúnra rẹ̀ gba àyẹ̀wò. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni òfin ìdíje òwò Kánádà ti gbé ẹrù ẹ̀rí lé oníṣòwò lọ́rùn: bó bá fa igi lé 1,000 dọ́là tó sì kọ 600 sí abẹ́ rẹ̀, òun ni yóò fi hàn pé iye tí òun ń tà á tẹ́lẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, Competition Bureau, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, sì ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tó bá fura. Ẹ tún fara balẹ̀ ka nọ́ńbà tí wọ́n fi dá ẹ̀rọ náà mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe irú kan sílẹ̀ fún àsìkò gbàǹjo. Lẹ́tà kan tàbí méjì ló lè fi yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ènìyàn ń yìn, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ lè má mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú HDMI rẹ̀, ibi tí a ń ki wáyà ẹ̀rọ mìíràn bọ̀, sì lè dín.

Lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n bá délé tán ni owó tún máa ń jò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń san owó oṣooṣù fún Netflix, Disney+ àti Crave pa pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò. Ẹ lè san ti ọ̀kan lóṣù yìí, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì bọ́ sórí òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí àlejò kì í tètè gbọ́ nípa rẹ̀. Àǹtẹ́nà pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní Toronto tàbí Mississauga lè gbé CBC, CTV, Global àti Citytv kedere láìsí owó oṣooṣù; bí fèrèsé náà bá kọjú sí adágún Ontario, ó tilẹ̀ lè gbé àwọn ilé iṣẹ́ Buffalo ní Amẹ́ríkà, ní òdì kejì omi. CBC Gem wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá lè fara da ìpolówó. Ẹni tó bá ní káàdì ilé ìkàwé ìlú lè yá DVD lọ sílé, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé sì fi fíìmù Kanopy tàbí Hoopla, tí a ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kún un. Fíìmù Yorùbá ní tirẹ̀ kún orí YouTube, àwọn ọmọ tí a bí síbí yóò sì máa gbọ́ èdè wa nínú rẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì lójú mi ju bí tẹlifíṣọ̀n ṣe fẹ̀ tó lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sílé, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó. Bó bá jẹ́ fólítì 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná Nàìjíríà tó jẹ́ bíi 230 yóò jó o. Èyí tí wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára ló yẹ.

Lákòótán, kò sí òfin tó fipá mú gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti gba ọjà tí kò ní àbùkù padà, nítorí náà ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rà á ní Black Friday láti gbé e pamọ́ de Kérésì, ẹ tú u, kí ẹ tàn án wò, nítorí àsìkò ìdápadà lè ti kọjá kí ọjọ́ ọdún tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Brampton, Ontario