Ọ̀rọ̀ àga Bàbá

Leeds,
9 oṣù kọkànlá.

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ó di ọ̀sẹ̀ méje tí ẹ ti ní kí n fèsì, mi ò sì fọhùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ara mi le, àwọn ọmọ wà dáadáa, ẹ má fòyà nítorí mi. Ọ̀rọ̀ àga Bàbá tí Káyọ̀dé fẹ́ tà ni mo fẹ́ sọ. Ṣadé ni kí ẹ jẹ́ kó ka ìwé yìí sí yín létí, kì í ṣe Káyọ̀dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé torí pé orí fóònù kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Bí mo bá ti dárúkọ àga, Káyọ̀dé á gba fóònù lọ́wọ́ yín, èmi náà á bínú, ọ̀rọ̀ á dà rú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ san gbèsè mi. ₦600,000 ni káfíńtà pe iṣẹ́ òrùlé, mo sì ti ṣèlérí rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde. Mo ti fi ₦400,000 ránṣẹ́ lánàá. Inú àkáǹtì yín ni mo san án sí, kì í ṣe ti Káyọ̀dé. ₦350,000 níbẹ̀ jẹ́ ti páànù. Mà á sọ iṣẹ́ tí ₦50,000 yòókù fẹ́ ṣe. ₦250,000 tó ṣẹ́kù á wọlé kí oṣù yìí tó parí. Wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ wa kù láti oṣù kẹjọ níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, owó ilé sì gòkè. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe báyìí, òru márùn-ún lọ́sẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Kí ẹ kàn mọ̀ pé owó ni kò sí, mi ò fi yín sílẹ̀ sínú òjò. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò. Mo mọ̀, Màámi. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, páànù tuntun á ti wà lórí ilé.

Bí owó páànù bá wá ti dé, kí ni Káyọ̀dé tún fẹ́ ta àga sí?

Ta ni ẹni tó fẹ́ rà á gan-an? Ta ló sọ fún un pé àga náà wà nínú yàrá Bàbá? Ẹni tó gbé mọ́tò ńlá wá láti Alágbàká, tó ní òun á san ₦180,000 lórí àga tí táyà rẹ̀ kan ti yọ, tí Bàbá fi igi ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé ìjókòó ló ń wá? Káyọ̀dé ní àga àtijọ́ lásán ni. Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí ẹni náà fi padà wá lẹ́ẹ̀mẹta?

Ẹ̀yin náà kúkú wà nílé lọ́jọ́ tí Bàbá gbé e dé. 1984 ni, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Wọ́n lu àwọn ẹrù àtijọ́ ọ́fíìsì ní gbànjo, Bàbá sì fi odindi owó oṣù rẹ̀ ra àga. Ẹ bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ ní gààrí ò sí nílé, ó ń ra àga. Ó ní òun ò ra àga, ibi tí Baba Ajasin jókòó sí lòun rà. Akọ̀wé tó ń taìpù ní ọ́fíìsì gómìnà ni Bàbá, ó mọ àga tó ti inú yàrá wo jáde.

Tíṣà bíi ti bàbá yín ni Ajasin. Òun ni ọ̀gá Imade College l'Ọ́wọ̀, nígbà tó yá ó dá Owo High School sílẹ̀, kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1979. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa bí Àkúrẹ́ ṣe gbóná ní oṣù kẹjọ 1983, tí wọ́n kéde pé ẹlòmíràn ló wọlé ìbò, tí iná ń sọ lórí ilé, tí ẹ tì wá mọ́ yàrá l'Òkè Àró, tí Bàbá ò wálé fún ọjọ́ méjì. Kóòtù ló dá Ajasin padà. Oṣù mẹ́ta péré ló tún lò lórí oyè kí àwọn sójà tó dé. Àwọn ọmọ Káyọ̀dé ò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Orúkọ yunifásítì Àkùngbá ni wọ́n mọ Ajasin sí. Bí àga yẹn bá jáde nílé, kí ni wọ́n á rí tí wọ́n á fi bèèrè?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbí. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, ẹrù àtijọ́ ni wọ́n ń tà. Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, mo rí àga kan lẹ́yìn gíláàsì, ẹsẹ̀ mi kọ̀ kò lọ mọ́. Igi, awọ, ìṣó idẹ wẹ́wẹ́ tó tò yí etí rẹ̀ ká, irin tó ń yí lábẹ́. Mo wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo fọwọ́ kan apá rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo sọ ti Bàbá fún òyìnbó àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín? Ó ní àga méjì lè jọra bí ìbejì, èyí tí ìwé ẹni tó lò ó bá wà ni àwọn èèyàn ń dù, èyí tí kò ní jẹ́ igi. Ó ní ẹni tó bá ṣí awọ rẹ̀ kúrò, tó fi sáńpépà ha igi rẹ̀, ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe, torí pé àpá ara àwọn tó ti jókòó níbẹ̀ ló sọ ọ́ di nǹkan.

Ìdí tí mo fi ta gìrì nìyẹn nígbà tí Ṣadé ní káfíńtà ti wá wọn àga, pé wọ́n fẹ́ fi lẹ́dà tuntun bò ó, kí wọ́n sì fi fáníìṣì kùn ún kó lè dán lójú oníbàárà. Màámi, ẹ má gbà. Mo bẹ̀ yín.

Òyìnbó yẹn rò pé ìlú wọn ni wọ́n ti kó o wá. Mo ní rárá, ìrókò ni. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ikán jẹ ṣẹ́ẹ̀fù ìwé Bàbá di ìyẹ̀fun? Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àga wà, ikán ò fẹnu kàn án. Ẹ ní kí Ṣadé dojú rẹ̀ dé, á rí P.W.D. tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, abẹ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. PWD, ìyẹn Public Works Department, ló ń kan àga ọ́fíìsì fún ìjọba òyìnbó nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ti jẹ́ olú Ondo Province tipẹ́ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1976. Igi igbó wa ni, ọwọ́ káfíńtà wa ló kàn án.

Ẹ bá mi ṣí àpótí páànù Bàbá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rìsíìtì gbànjo náà wà níbẹ̀, ó ká a sínú Bíbélì kékeré. Fọ́tò kan tún wà tí Bàbá ti dúró lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì, ẹ̀yìn àga hàn níbẹ̀. Kí Ṣadé ya méjèèjì, kó ya nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sẹ́yìn àga náà, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ jáde nílé. Ọyẹ́ ń bọ̀, awọ á fẹ́ sán: ẹ gbé e kúrò lójú oòrùn, ẹ má fi omi nù ún, ẹ má sì fi nylon wé e, á bu. Aṣọ òwú gbígbẹ ni kí ẹ fi bò ó.

Káyọ̀dé ní mo jókòó sílùú òyìnbó mò ń pàṣẹ. Mo gbà pé òun ló ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń dìde lóru, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá kú, ẹ mọ̀ pé ìwé mi kò tíì jáde, bí mo bá kúrò níbí mi ò ní rọ́nà wọlé padà. Ojú fóònù ni mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ lé e. Mi ò bèèrè aṣọ rẹ̀. Mi ò bèèrè ilẹ̀ ọ̀nà Ìgbátorò. Ṣé mo bèèrè? Àga yìí nìkan ni. Apá ọ̀tún rẹ̀, ibi tí ìgúnpá Bàbá máa ń wà, dán bí ojú ẹkùrọ́, àpá yíǹkì kan sì wà níwájú ibẹ̀ tó rí bí ewé. Ibẹ̀ ni mo máa ń dì mú bó bá gbé mi sórí rẹ̀ tó ń yí mi, títí òòyì á fi kọ́ mi, tí ẹ̀yin á máa pariwo láti ilé ìdáná pé kó má pa yín lọ́mọ.

Ó wá ku ₦50,000 yẹn. Ṣadé sọ fún mi pé Káyọ̀dé ti gba ₦50,000 àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ sí i? Mi ò jà. Owó yẹn ni mo fi kún owó páànù. Kí Káyọ̀dé gbé e padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á. Títí tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti yàrá Bàbá pa, kí ẹ so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró yín.

Ọmọ yín,
Fólúkẹ́