Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa àfẹ́sọ́nà ẹ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí àǹtí ẹ sọ fún ẹ lórí fóònù, pé ọmọ ẹrú lo fẹ́ fẹ́, pé àkátá, ìyẹn àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà bíi àfẹ́sọ́nà ẹ, ò ní ìdílé. Ó dùn mí wọra. Má dá a lóhùn, èmi àti bàbá ẹ la máa bá a sọ ọ́. Àmọ́ ìwọ fúnra ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn yìí, kó má lọ máa ṣe ẹ́ bíi pé ṣe lò ń ṣàánú ọkùnrin yẹn.

Ogun tiwa ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tà nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kógun ja Òṣogùn lọ́dún 1821, wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n ń tà á látọwọ́ dọ́wọ́ títí tó fi dé Èkó, ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló dá wọn dúró lójú òkun tó kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Àjàyí yẹn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tá a fi ń yangàn o! Ká ní ọkọ̀ yẹn rí ọ̀nà lọ ni, àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ni àǹtí ẹ ì bá máa pè ní ọmọ ẹrú lónìí. Ẹrú ṣọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.

Bó sì ṣe di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864 yẹn náà, nígbà tó darúgbó, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó lè bí lọ́mọ gba agbára iṣẹ́ míṣọ́n tó ń darí lágbègbè odò Ọya (Niger) mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kú ní 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Oyè ò bo àwọ̀ mọ́lẹ̀ lójú wọn.

Ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1662 ní ipò ìyá lọmọ máa tẹ̀ lé, tí ìyá bá ti jẹ́ ẹrú, ọmọ di ẹrú nìyẹn, kódà kó jẹ́ ọ̀gá tó ni ìyá ló bí i. Nílẹ̀ tiwa, ọmọ tí baálé ilé bá bí pẹ̀lú ẹrúbìnrin ẹ̀, ọmọ bàbá ẹ̀ la máa ń kà á sí. Mi ò sọ pé tiwa dáa o, àwọn olóyè ogun Ìbàdàn kó ẹrú rẹpẹtẹ sóko, ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sẹ́rú nínú ìran òun?

Má fipá mú àfẹ́sọ́nà ẹ pé kó wá ìlú tó ti ṣẹ̀ wá, má sì sọ ọ́ di Yorùbá tipátipá. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó nílẹ̀ wa, Brazil àti Cuba ni wọ́n lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ Ìgbò tàbí Kóńgò ni tiẹ̀ ti wá. Ìdílé ẹ̀ wà níbi tó wà yẹn. O ní ìyá ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé, lọ kí i, kúnlẹ̀ fún un dáadáa, jẹ́ kó sọ ìtàn ilé wọn fún ẹ.

Fi nọ́ńbà màmá àgbà yẹn ránṣẹ́, bàbá ẹ fẹ́ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ká tó mú ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

Mọ́mì ẹ