Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: ọdún mélòó ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjà?

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní Bàbá Ìbejì fẹ́ kí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ judo, ìjàkadì àwọn ará Japan, lóṣù yìí kí ara rẹ̀ lè le, kí Táyé sì jókòó sílé nítorí pé obìnrin ni. Ìyá ọkọ rẹ ní egungun ọmọ ọdún 5 kò tíì gbó, pé kí a má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. O wá ní kí èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní judo dá ẹjọ́ náà fún yín: ọdún mélòó gan-an ló yẹ? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dáhùn rẹ̀ lórí fóònù.

Má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ màmá sẹ́yìn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́bàá oríkèé ara ọmọdé, ibi tí egungun ti ń gùn kò tíì le. Ó di ìgbà tí ọmọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bàlágà tán kí ibẹ̀ tó gbó. Bí ibẹ̀ bá fọ́, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà lè má gùn bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí èyí la kì í fi í kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń lọ́ apá ẹnìkejì tàbí bí a ṣe ń fún un lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2016: kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ èyí tí kò sí ìkọlù nínú rẹ̀, kí ìjà gan-an dúró dìgbà tó bá ti mọ ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ máa yí gbirigbiri lórí máàtì, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí àwọn ìbejì ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì yín le ju ìyẹn lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọmọ ni bí a ṣe ń ṣubú. Kí ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa gbá ilẹ̀. Kí ó fi apá lu máàtì bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀. Kí ó gba èjìká yí, kí ó sì dìde. A ó ṣe é títí yóò fi di ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dá a mọ́lẹ̀.

Jọ̀wọ́ ka èyí sétí Bàbá Ìbejì. Láti ọdún 1983, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó lé ní 100 ló ti kú nídìí judo ní Japan, níbi tí wọ́n ti dá judo sílẹ̀. Orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣèṣe. Kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n. Ọmọ girama ni wọ́n, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ judo ló sì pọ̀ jù, àwọn tí wọ́n ń dá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń ṣubú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí ọmọ dàgbà ná kí ewu lè dínkù, bi í pé ta ni yóò kọ́ ọ láti ṣubú nígbà náà. Ọmọ kékeré kò jìnnà sí ilẹ̀, kò wúwo, ẹ̀rù ilẹ̀ kò sì bà á. Ọdún 5 tàbí 6 dára púpọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, bí kò bá ti ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tí eré sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà lo bí Táyé àti Kẹ́hìndé, wọn ò sì tíì tó bákan náà. Mo wò wọ́n dáadáa nígbà tí ẹ wá kí wa nígbà ọdún Iléyá. Táyé ń bá àwọn tó jù ú lọ sáré kiri, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní "Ó tó!" báyìí, ó dúró gbọin. Kẹ́hìndé di ìró rẹ mú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn, tó di ọmọ kan mú, tí ìyẹn ń ké pé kó fi òun sílẹ̀, kò gbọ́. Kì í ṣe ìwà burúkú, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n lórí máàtì wa, bí olùkọ́ bá ní "matte", ìyẹn "dúró", kí ọwọ́ kúrò lára ẹnìkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Bí ẹnìkejì bá sì fọwọ́ lu ọ́ lára pé ó tó, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè ṣe méjèèjì yìí kò tíì tó í bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ ya ìbejì. Àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Jẹ́ kó tún rán an lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí òun jókòó tì ọ́, kó máa wò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má tì í. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde wá, mo ti ń retí rẹ̀.

Bàbá Ìbejì ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé òun fẹ́ rí ife-ẹ̀yẹ kí ọmọ òun tó pé ọdún 10. Èyí ni mi ò lè fara mọ́ rárá. Kano Jigoro tó dá judo sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882 ti tó ọmọ ọdún 17 kó tó bẹ̀rẹ̀ jujutsu, ìjà àtijọ́ ilẹ̀ Japan tí judo ti jáde, torí pé ó kéré lára, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹ́ nílé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2022, àjọ judo ilẹ̀ Japan fagi lé ìdíje àpapọ̀ tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn àgbà ti sọ ọ́ di ti ara wọn: wọ́n ń mú kí ọmọ dín ìwọ̀n ara kù, àwọn òbí sì ń pariwo mọ́ adájọ́. Kodokan, ilé judo tí Kano dá sílẹ̀, kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ní bẹ́líìtì dúdú, àmì ẹni tó ti mọ ọ̀nà dáadáa. Ní taekwondo, ìjà àwọn ará Korea, ẹni tí kò bá tó ọdún 15 máa ń gba bẹ́líìtì tó pupa lápá kan, tó dúdú lápá kejì. Bí ilé ìjà kan bá ṣèlérí bẹ́líìtì dúdú fún ọmọ ọdún 8, má mú àwọn ọmọ yẹn débẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà sì ni ọkọ rẹ, àwọn tí oríkì wọn ní ìjàkadì lorò wọn. Kó rántí pé orí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ni ọmọdé ti ń ta gídígbò, ọ̀gbà ló sì ń bá ọ̀gbà jà.

Ní ti pé obìnrin ni Táyé, sọ ìtàn Fukuda Keiko fún Bàbá Ìbejì. Obìnrin ni, bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ́ Kano ní jujutsu. Ó lé lógún ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ judo lọ́dún 1935, kò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Lọ́dún 2011, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 98, wọ́n fún un ní ipò dan kẹwàá ní Amẹ́ríkà, ipò tó ga jù nínú judo, tí obìnrin kankan kò dé rí ṣáájú rẹ̀. Ọdún 99 ló lò láyé.

Ìtàn rẹ̀ kan ìwọ náà, ìwọ tó o ní ọjọ́ ti lọ lórí rẹ. Ọjọ́ kò tíì lọ. Lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ná, kí o sọ fún mi nípa orúnkún tó ń dùn ọ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó, kí o tó máa ṣubú láti ìdúró. Ìṣubú ló ń fọ́ egungun ìbàdí àwọn àgbà wa, tí wọn kì í sì í dìde bọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí o ti mọ bí a ṣe ń ṣubú kí o tó dàgbà débẹ̀.

Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Gé èékánná àwọn méjèèjì, yọ yẹtí etí Táyé, má sì jẹ́ kí wọ́n jẹun yó kí ẹ tó jáde. Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti màmá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.